Ilẹ̀ àti Egbòogi ní Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà àti ní Òṣogbo

Ìtàn oyè àti ìtàn ogun ni ó sábà máa ń gba ojú ewé irú èyí, a kò sì ní kí a má kọ wọ́n. Ṣùgbọ́n ní ọdún yìí, ọ̀rọ̀ erùpẹ̀ ni a mú wá. A fẹ́ wo bí irú ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wa ti pín ewé àti egbò káàkiri agbègbè wa, bí àwọn baba wa ti mọ ìpín náà, àti ohun tí ó ti dé bá a láti ìgbà tí kòkó ti wọ ilẹ̀ wa.

Kò sí ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí a kò sọ ìtàn Ọbòkun fún nígbà èwe. Odùduwà ń darúgbó, ojú rẹ̀ ń ṣú, àwọn oníṣègùn sì ní àfi kí a bu omi òkun wá kí ojú náà tó lè là. Àjíbógun ni ó gbà láti lọ. Ó lọ, ó bọ̀, ojú baba là, láti ìgbà náà ni a sì ti ń pè é ní Ọbòkun. Wọ́n fi ìtàn yìí kọ́ wa ní ìgboyà àti ìfẹ́ òbí, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú rẹ̀ tí a kì í sábà tọ́ka sí. Odò wà nítòsí, ìsun wà, síbẹ̀ òkun ni àwọn oníṣègùn dárúkọ, wọn kò sì gba omi mìíràn dípò rẹ̀. Omi òkun ní iyọ̀ nínú, omi odò kò ní. Wọ́n mọ̀ pé ibi tí a ti mú nǹkan wá jẹ́ ara agbára nǹkan náà.

Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ ìṣègùn wa rí títí di òní. Bí àgbà oníṣègùn bá ń rán ọmọ-iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí igbó, kì í dárúkọ ewé kí ó sì dákẹ́. Yóò ní kí ó já a ní etí odò, tàbí ní orí òkè olókùúta, tàbí ní ẹ̀bá ààtàn, tàbí kí ó wú gbòǹgbò tí ó la ọ̀nà kọjá. Apá kan nínú irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ jẹ́ ti awo, kò sì sí lára ohun tí a fẹ́ jíròrò níhìn-ín. Apá kejì jẹ́ ìmọ̀ ilẹ̀, tí ojú rí tí ọwọ́ sì bà, tí a sì lè fi wé ohun tí àwọn onímọ̀ kọ sínú ìwé.

Àwọn baba wa kò ka gbogbo ilẹ̀ sí ọ̀kan náà. Wọ́n mọ ilẹ̀pa, tí ó pọ́n bí osùn tí ó sì ń lẹ̀ mọ́ ọkọ́ nígbà òjò. Wọ́n mọ ilẹ̀ dúdú abẹ́ igbó, àti ilẹ̀ oníyanrìn tí omi kì í dúró nínú rẹ̀, àti yangí tí ọkọ́ kì í ràn, àti àkùrọ̀ tí kì í gbẹ nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Ohun tí ó hù lórí ilẹ̀ ni wọ́n fi ń dá a mọ̀ kí wọ́n tó fi ọkọ́ kàn án. Àgbẹ̀ tí ó bá rí èkan tí ó bo ilẹ̀ mọ́lẹ̀ mọ̀ pé ó ti rẹ ilẹ̀ náà. Bí ó bá rí ìmí eṣú tí ó tutù yọ̀yọ̀, ó mọ̀ pé ilẹ̀ ọ̀hún ṣì sanra. Àgbẹ̀ àti oníṣègùn ń ka ìwé kan náà ni, ohun tí olúkúlùkù ń wá nínú rẹ̀ ni ó yàtọ̀.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a rìn láti Òṣogbo lọ sí Iléṣà, kí a sì tẹ̀ síwájú dé Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà. Láti Òṣogbo dé Iléṣà kò ju nǹkan bí 30 kìlómítà lọ, òjò tí ó ń rọ̀ sí ìlú méjèèjì kò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra. Síbẹ̀ bí a ti ń lọ ni àwọ̀ ilẹ̀ etí ọ̀nà ń yí padà. Òkúta ni ó fà á. Erùpẹ̀ tí a ń ro lónìí jẹ́ òkúta tí ó ti jẹrà láti ayébáyé, irú òkúta tí ó wà nísàlẹ̀ ni ó sì ń pinnu irú erùpẹ̀ tí yóò wà lókè. Ní ìhà Òṣogbo, òkúta aláwọ̀ eérú, irú èyí tí a ń fọ́ fún ilé kíkọ́, ni ó wọ́pọ̀. Erùpẹ̀ rẹ̀ fúyẹ́, iyanrìn sì wà nínú rẹ̀. Bí a bá wọ ìhà Iléṣà àti Ìtagunmódì, a ó bá òkúta dúdú wíwúwo kan pàdé, tí irin, kálísíọ́ọ̀mù àti magnẹ́síọ́ọ̀mù pọ̀ nínú rẹ̀. Bí ó bá jẹrà, ilẹ̀pa pupa fòò tí ó jinlẹ̀ ni ó ń dà. Ní ìlà oòrùn, òkè gígùn kan dìde láti Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà lọ sí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè àti Òkèmẹ̀sí. Òkúta funfun líle ni ó mú un dúró, omi Olúmirìn sì ń já bọ́ láti ara rẹ̀. Iyanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ ni èyí ń dà nígbà tí ó bá jẹrà, oúnjẹ tí igi lè rí nínú rẹ̀ kò sì tó nǹkan.

Ìwé kan wà lórí ọ̀ràn yìí tí ó yẹ kí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní agbègbè wa ní lọ́wọ́. A. J. Smyth àti R. F. Montgomery ni ó kọ ọ́, lórí ilẹ̀ àárín gbùngbùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà àti ìlò rẹ̀. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní Ìbàdàn ní ọdún 1962. Ọ̀rọ̀ kòkó ni ó mú kí ìjọba fẹ́ mọ ilẹ̀ náà. Wọ́n gbẹ́ kòtò káàkiri, wọ́n wo erùpẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n sì fi orúkọ ìlú àti abúlé wa sọ irú ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan: Ìwó, Ẹgbẹ́dá, Oǹdó, Òkèmẹ̀sí, Ìtagunmódì. Ilẹ̀ orí òkúta funfun ni wọ́n pè ní Òkèmẹ̀sí. Ilẹ̀pa tí òkúta dúdú bí ni wọ́n pè ní Ìtagunmódì. Títí di òní, bí onímọ̀ ilẹ̀ ní ilẹ̀ wa bá ń sọ̀rọ̀ Ìtagunmódì, ó lè jẹ́ pé kò tíì dé abúlé náà rí. Irú ilẹ̀ ni ó ní lọ́kàn. Wọ́n tún fi hàn pé lórí òkè kan ṣoṣo, ilẹ̀ tí ó wà ní orí òkè, èyí tí ó wà ní ìdagẹ̀rẹ̀ àti èyí tí ó wà ní etí odò kì í ṣe ọ̀kan náà, nítorí pé omi òjò ń ṣa erùpẹ̀ lẹ́búlẹ́bú láti òkè, ó sì ń kó o sí ìsàlẹ̀. Àgbẹ̀ wa kankan kì bá tí jiyàn èyí.

Kí ni erùpẹ̀ ń ṣe tí ewé kan fi ń yan ibì kan tí ó sì ń kọ ibòmíràn? Omi ni ó ṣe pàtàkì jù. Amọ̀ a máa di omi mú, iyanrìn a jẹ́ kí ó kọjá lọ. Nítorí náà, lábẹ́ òjò kan náà, igi kan lè máa mu àmuyó kí èkejì sì máa pòǹgbẹ. Lẹ́yìn omi ni oúnjẹ. Ní ilẹ̀ igbó tiwa, oúnjẹ igi kì í jinlẹ̀: ewé tí ó wọ́ tí ó sì jẹrà ni ó ń mú púpọ̀ nínú rẹ̀ wá, ínṣì díẹ̀ lókè ilẹ̀ ni ó sì ń gbé. Bí a bá gé igbó tí a sì sun ún, òjò ọdún díẹ̀ tó láti gba ìyókù lọ. Kíkan ilẹ̀ náà wà níbẹ̀: òjò tí ń fọ ilẹ̀ láti ọdún dé ọdún a máa mú kí ó kan, bí ilẹ̀ bá sì ti kan jù, igi mìíràn kò ní lè jẹ oúnjẹ tí ó wà nínú rẹ̀.

Lórí ilẹ̀ bí ti Òkèmẹ̀sí, tí kò nípọn tí ó sì tètè ń gbẹ, igi ọ̀dàn a máa rí àyè láàárín ilẹ̀ igbó, bí ẹni pé a ti dé ìhà Ògbómọ̀ṣọ́. Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò ba ìrà ọ̀dàn lẹ́rù, èyí tí a ń fi èèpo rẹ̀ wẹ ẹnu ọmọ tí èfu mú. Kò ba egbésì lẹ́rù, èyí tí a ń sè fún ibà. Èèpo wọn nípọn, iná ìgbẹ́ kì í sì í tètè pa wọ́n. Orin ata náà fẹ́ ilẹ̀ gbígbẹ àti ibi tí oòrùn ti ń rí i. Ní ọdún 1971, Abayomi Sofowora àti ẹnìkejì rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde pé, nínú ìgò ìwádìí, omi gbòǹgbò orin ata dá ẹ̀jẹ̀ àwọn tí ó ní àrùn fòní-kú-fọ̀la-dìde padà sí bí ó ti yẹ kí ó rí. Orin tí àwọn ìyá wa ń rùn ní òwúrọ̀ ni èyí o.

Ilẹ̀pa Ìtagunmódì yàtọ̀. Ó jinlẹ̀, ó ń di omi mú, òkúta tí ó bí i sì fún un ní oúnjẹ. Igbó ńlá ni ó yẹ ẹ́: arère, ìrókò, àìdan, orógbó, obì. Níbi tí a bá ti gé irú igbó bẹ́ẹ̀ tí ó sì ń tún hù, asofẹ́yẹjẹ kì í pẹ́ yọ. Igi kékeré ni, ẹyẹ ni ó ń jẹ èso rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí orúkọ rẹ̀ ti wí, àwọn oníṣègùn wa sì ti ń fi gbòǹgbò rẹ̀ tọ́jú àwọn tí orí wọn dàrú láti ìgbà láéláé. Ní ọdún 1952 ni àwọn onímọ̀ ní Switzerland yọ èròjà reserpine láti ara igi ilẹ̀ Íńdíà kan tí ó jẹ́ ìbátan rẹ̀. Ìgbà tí ó ṣe, a rí èròjà náà nínú asofẹ́yẹjẹ tiwa pẹ̀lú. Ní ọdún 1960, dókítà Raymond Prince kọ ọ́ sínú ìwé àwọn dókítà ọpọlọ ní Amẹ́ríkà pé àwọn oníṣègùn Nàìjíríà ń lò ó. Gbòǹgbò ni a ń wá lára rẹ̀, ẹni tí ó bá sì fẹ́ gbòǹgbò ní láti wú igi. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ìrókò sì ní ọ̀ràn tirẹ̀, tí a kò lè ṣàìsọ. Àwọn agégẹdú mọ̀ pé a máa ń bá òkúta nínú igi ìrókò, tí ó ń ṣẹ́ eyín ayùn wọn. Àwọn kan ti ń rò pé nǹkan mìíràn ni. Ìwádìí tí a ṣe ní orílẹ̀-èdè Ivory Coast, tí a sì tẹ̀ jáde ní ọdún 2004, ṣàlàyé rẹ̀. Ìrókò ń fa kálísíọ́ọ̀mù láti inú ilẹ̀ kíkan. Àwọn ohun abẹ̀mí tí ojú kò lè rí, tí ń gbé nínú igi àti ní ìdí rẹ̀, ń bá a sọ ọ́ di òkúta tí ó jọ ẹfun. Ilẹ̀ ìdí ìrókò kò sì ní kan mọ́ bí ti àyíká rẹ̀. Èyí ni pé kì í ṣe ilẹ̀ nìkan ni ó ń yan igi, igi náà a máa tún ilẹ̀ ṣe. Bí a bá ṣe ń gé ìrókò tán, kì í ṣe pákó nìkan ni a ń pàdánù.

Ní etí odò, omi ni ó pọ̀, atẹ́gùn ni kò tó nínú ilẹ̀. Gbòǹgbò tí kò bá lè fara da èyí yóò jẹrà. Ahùn lè fara dà á, èyí tí a ń sè èèpo rẹ̀ fún ibà. Tẹ̀tẹ̀rẹ̀gún fẹ́ ibi tútù tí ó ní ìbòòji. Asunwọ̀n òyìnbó, tí a ń fi ewé rẹ̀ pa làpálàpá ara, a máa pọ̀ ní ibi tí ilẹ̀ bá rọ̀. Rinrin kò sì fẹ́ ju ọ̀rinrin àti òjìji lọ. Ní ti ààtàn àti ahoro, eérú, egungun àti ìdọ̀tí ilé ni ó sọ ilẹ̀ wọn di ọlọ́ràá tí kò kan. Tẹ̀tẹ̀ fẹ́ràn irú ibẹ̀. Ẹni tí ó bá sì ń wá ibi tí àwọn baba ńlá wa tẹ̀dó sí, kí ó wo ibi tí pèrègún àti akòko bá dúró sí láàárín igbó, nítorí pé ọwọ́ ènìyàn ni ó sábà máa ń gbìn wọ́n.

Ọ̀rọ̀ ìtẹ̀dó gbé wa dé Òṣogbo. Ìtàn sọ pé láti Ìpólé, ní ìhà tiwa níhìn-ín, ni Láròóyè àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ti ṣí nítorí àìrómi, pé ọdẹ tí ń jẹ́ Olútìmẹ́yìn ni ó rí odò Ọ̀ṣun, àti pé igi tí wọ́n gé ṣubú sínú omi, ó sì fọ́ ìkòkò aró òrìṣà. Wọ́n bá Ọ̀ṣun dá májẹ̀mú, wọ́n sì fi bèbè odò náà sílẹ̀ fún un. Kò sí ẹni tí ó gbọdọ̀ dáko níbẹ̀, kò sí ẹni tí ó gbọdọ̀ ṣọdẹ tàbí kí ó pẹja. Ohun tí májẹ̀mú yìí ṣe fún ilẹ̀ ni pé ewé ń wọ́, ó ń jẹrà, ó sì ń di oúnjẹ fún igi láìsí ìdáwọ́dúró. Ní àwọn ọdún 1950, ẹ̀ka ìjọba tí ń rí sí ọ̀gbìn àti igbó gba apá púpọ̀ níbẹ̀, wọ́n gé igi, wọ́n gbin tíìkì. Àwọn olùsìn àti àwọn oníṣẹ́ ọnà, pẹ̀lú Susanne Wenger ará Ọ́stríà, ni ó dìde sí ọ̀ràn náà. Ní ọdún 1965 a sọ apá kan igbó náà di ohun ìní àpapọ̀ orílẹ̀-èdè. Ní ọdún 1992 a fẹ̀ ẹ́ kan gbogbo hẹ́kítà 75 rẹ̀. Ní ọdún 2005 UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn ohun ìní gbogbo àgbáyé. Nǹkan bí 400 irú igi àti ewé ni ó wà níbẹ̀, èyí tí ó ju 200 nínú wọn ni a sì mọ̀ sí egbòogi. Ìlú tí ó yí i ká ti fẹ̀. Ìwọ̀nba hẹ́kítà wọ̀nyí ni ó ṣẹ́ kù tí a kò fi ọkọ́ kàn.

Àwa ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kò ṣe bẹ́ẹ̀, ìdí rẹ̀ kò sì jìnnà. Kòkó dé ọ̀dọ̀ wa ní àwọn ọdún 1890, ilẹ̀ tí orógbó àti obì fẹ́ ni òun náà fẹ́: ilẹ̀ tí ó jinlẹ̀, tí ó ń di omi mú, tí kò kan jù. Bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ tí ó dára jù lọ ṣe di oko kòkó. A kò bú kòkó. Òun ni ó kọ́ ilé alájà tí a ń gbé, òun ni ó rán púpọ̀ nínú ẹ̀yin tí ń ka ìwé yìí tàbí òbí yín lọ sí ilé-ìwé. Ṣùgbọ́n òtítọ́ ni pé ó lé egbòogi igbó lọ sí ibi tí òun kò fẹ́: orí òkè, bèbè odò, ìgbó òrìṣà, ẹ̀bá ọ̀nà. Oògùn aláwọ̀ búlúù tí a fi ń pa àrùn dúdú ara èso kòkó sì ní bàbà nínú. Bí a bá ti ń fín in láti ọdún dé ọdún, bàbà náà ń kóra jọ sí òkè ilẹ̀, níbi tí gbòǹgbò ewéko ti ń jẹun. Ẹni tí ó ń já ewé lábẹ́ kòkó ogbó kò rí i.

Wúrà ni ó tẹ̀ lé kòkó, òun ni ó sì burú jù. Inú òkúta tí ó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ wa náà ni wúrà wà, omi sì ti ṣàn án wá sí inú àfonífojì. Nítorí náà, àkùrọ̀ gan-an, níbi tí ahùn àti tẹ̀tẹ̀rẹ̀gún ti sá sí, ni àwọn awakùsà ń hú, ní Ìtagunmódì, ní Ìgún àti ní abúlé púpọ̀. Wọ́n ń hú erùpẹ̀ òkè sí ìsàlẹ̀, wọ́n ń da ti ìsàlẹ̀ sí òkè. Omi ẹlẹ́rẹ̀ ń gba odò kékeré lọ sínú odò ńlá. Àwọn kan ń lo mẹ́kúrì láti kó wúrà jọ. Ní ọdún 2017, àwọn olùwádìí tẹ ìwé jáde lórí àwọn èròjà irin olóró tí wọ́n wọ̀n ní ibi ìwakùsà ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà àti ewu tí ó wà níbẹ̀ fún ara. Omi Ọ̀ṣun ní Òṣogbo pàápàá pọ́n bí ẹrẹ̀, títí tí a fi kìlọ̀ fún àwọn olùsìn nígbà ọdún Ọ̀ṣun ti 2022 pé kí wọ́n má mu ún. Ẹ rántí Zamfara ní ọdún 2010, níbi tí òjé tí ó jáde pẹ̀lú wúrà ti pa ọmọdé tí ó ju 400 lọ. Ewé kò mọ ìyàtọ̀ láàárín oúnjẹ àti májèlé tó bí a ti rò. Ohun tí ó bá yọ́ nínú omi ilẹ̀, ó lè fà á.

Ìdí nìyí tí a fi ń bá ẹ̀yin tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà sọ̀rọ̀ ní pàtàkì. Àgbo àti ẹ̀tù tí ẹ ń rà ní Peckham tàbí tí a fi ránṣẹ́ sí yín láti ilé, orúkọ ewé ni a kọ sára rẹ̀ bí a bá tilẹ̀ kọ nǹkan kan. A kì í kọ orúkọ ilẹ̀. Bàbá oníṣègùn tí ó ń rán ọmọ-iṣẹ́ rẹ̀ sí etí odò kan pàtó mọ odò náà. Ẹni tí ó ń di ẹ̀tù sínú ọ̀rá fún títà lè má mọ̀ ọ́n. Ẹ béèrè ibi tí a ti já a kí ẹ tó rà á.

Ní ti ilé, a dá a lábàá pé kí ìlú kọ̀ọ̀kan yan bèbè odò kan tí awakùsà kò tíì dé, àti ibì kan lórí ilẹ̀pa, kí ó má fẹ̀ jù, kí á fi ọwọ́ ọba àti àwọn ìjòyè sí i pé a kò ní gé e, a kò ní sun ún, a kò sì ní tà á. Kí á gbin asofẹ́yẹjẹ sí èyí tí ó wà lórí ilẹ̀pa, kí ẹni tí ó bá wú ọ̀kan gbin méjì. Kí á tún bẹ àwọn olùkọ́ ìmọ̀ ilẹ̀ ní Fásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, tí kò jìnnà sí wa, pé kí wọ́n bá wa yẹ erùpẹ̀ ibẹ̀ wò kí á tó ná owó ẹgbẹ́ lé e lórí.

A sì ń fẹ́ ìrànlọ́wọ́ kan lọ́dọ̀ olúkúlùkù. Orúkọ tí àwọn àgbà ní abúlé yín ń pe oríṣiríṣi ilẹ̀, àti ewé tí wọ́n ní ó ń hù lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ láti ẹnu wọn, kí ẹ sọ orúkọ abúlé àti odò tí ó sún mọ́ ọn, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí akọ̀wé ẹgbẹ́ kí á tó bẹ̀rẹ̀ ìtẹ̀wé ti ọdún tí ń bọ̀.